Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè Kíkọ́ Ẹni Tí Kò Tíì Mọṣẹ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn ní Agric àti káàkiri Ìkòròdú, a sì rí i pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò nínú oṣù yìí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó bá ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí yóò máa bá gbólóhùn kan pàdé nínú ìkéde àwọn agbanisíṣẹ́: ẹni tó ti ní ìrírí ọdún 3 ni wọ́n ń fẹ́, tàbí ọdún 5. Ẹni tí kò ní in ńkọ́? Wọ́n á ní kí ó lọ wá a wá. Níbo ni yóò ti rí i, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń rí ìrírí náà gan-an ni wọ́n ti ń lé e? Ó dà bí ìgbà tí a bá sọ fún ọmọdé pé kí ó kọ́kọ́ mọ odò wẹ̀ ná, kí ó tó fẹsẹ̀ kan omi.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ajé lásán ni èyí, pé kò kan ọ̀rọ̀ ìwà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibikíbi tí ènìyàn bá ti gba ènìyàn síṣẹ́, tí ọ̀kan ní ohun tí èkejì kò ní, ọ̀rọ̀ àmánà ti wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: ta ni ó jẹ gbèsè kíkọ́ ẹni tí kò tíì mọṣẹ́? Ṣé agbanisíṣẹ́ ni, àbí ìjọba, àbí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà ṣáájú? Ṣé gbèsè ni rárá, àbí àánú tí ó wu ẹni tí ó bá wù láti ṣe?

BÍ A ṢE Ń KỌ́ṢẸ́ NÍLẸ̀ WA

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a mọ̀. Bí ẹ bá rìn láti ibùdókọ̀ Agric lọ sí ọ̀nà Owutu tàbí Isawo, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ti mẹkáníìkì, ti káfíńtà, ti àwọn onídìrí àti ti àwọn tó ń jó irin. Kò sí èyí nínú wọn tí ó gbé pátákó síta pé òun kò gba ọmọ-iṣẹ́ àfi èyí tó ti ń ránṣọ bọ̀ láti ọdún 3 sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá kọ irú rẹ̀ síta, àwọn ará àdúgbò yóò fi í ṣe ẹ̀rín ni. Ohun tí a mọ̀ ni pé òbí á mú ọmọ wá, wọn á jọ sọ iye owó àti iye ọdún, wọn á kọ ìwé àdéhùn, ẹlẹ́rìí á sì wà níbẹ̀. Ọmọ á sin ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ọdún bá pé, wọn á ṣe òmìnira fún un, ọ̀gá á gbàdúrà, ọmọ náà á sì lọ dá dúró. Bó pẹ́ bó yá, òun náà á gba ọmọ-iṣẹ́ tirẹ̀.

Kì í ṣe àánú lásán ni ọ̀gá yẹn ń ṣe, nítorí ó ń jèrè ọwọ́ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òwò nìkan. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ́ òun, àti pé bí òun bá di iṣẹ́ náà mọ́ra títí ọjọ́ ikú, òun àti iṣẹ́ yóò jọ wọ ilẹ̀ ni. Gbèsè ni, ṣùgbọ́n irú gbèsè tí a kì í san padà fún ẹni tó yáni. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni a ń san án fún.

A kò ní fi àbùkù ètò yìí pamọ́. A mọ àwọn ọ̀gá tó ń fi ọmọ-iṣẹ́ pọnmi, tí wọ́n ń fi í tọ́jú ọmọ, tí wọ́n ń lù ú, tí ọdún 2 á sì kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìrẹ́jẹ ni ìyẹn, kò sì yẹ kí a gbé e wọ inú iṣẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ohun 3 wà nínú ètò náà tí ó dára: a mọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, a mọ ọjọ́ tí yóò parí, ẹlẹ́rìí sì wà fún ọ̀tún àti òsì.

ẸNÌ KAN GBÌN, GBOGBO ỌJÀ FẸ́ KÓRÈ

Ilé-iṣẹ́ kan gbìyànjú láti mú irú ètò yìí wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò sì jìnnà sí wa. Títì Ìkòròdú tí bọ́ọ̀sì BRT ń gbé wa gbà lọ sí Fadeyi náà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ní ìtòsí Ìlúpéjú. Andela ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó. Iyinoluwa Aboyeji, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn olùdásílẹ̀, pẹ̀lú Jeremy Johnson àti Christina Sass, ọmọ Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́ tó ní làákàyè ni wọ́n ń wá, bí kò tilẹ̀ tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Wọ́n á kọ́ ọ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á máa sanwó fún un bí ó ṣe ń kọ́ ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á fi í sẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun láìkúrò ní Èkó. Àdéhùn ọdún 4 ni wọ́n ń ṣe.

Ayé gbọ́ nípa wọn. Ní ọdún 2016, Chan Zuckerberg Initiative, àjọ tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀, ṣíwájú àwọn tó fi mílíọ̀nù 24 dọ́là sínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, mílíọ̀nù 100 dọ́là mìíràn tún wọlé. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 kan náà, Andela kéde pé òun yóò dá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún òun dúró, nǹkan bí 250 ní Nàìjíríà àti Uganda, ó sì tún kan àwọn mìíràn ní Kenya. Àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn oníbàárà wọn ń béèrè àwọn tó ti dàgbà nínú iṣẹ́, wọn kò béèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ibi tí wọ́n rò. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ kan náà rí mílíọ̀nù 200 dọ́là gbà, wọ́n sì dá iye rẹ̀ lé bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Ní ìgbà yẹn, wíwá àwọn tó ti mọṣẹ́ káàkiri ayé fún àwọn tó ń fẹ́ wọn ni ó ti di olórí òwò rẹ̀.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ yìí dá? A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rí ọjà tà kò lè máa ra ọjà kún ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà kọ́ wa. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo dá oko, ó ń tọ́jú èhù, gbogbo àwọn yòókù sì dúró sẹ́bàá oko pẹ̀lú agbọ̀n, wọ́n ń sọ pé iṣu tó ti ta nìkan ni àwọn fẹ́. Irú oko bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́. Bí kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ gbèsè tí gbogbo wa jẹ, ẹnì kan kò lè dá a san fún gbogbo ọjà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má tẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí pé òfin ilẹ̀ wa náà ti pè é ní gbèsè tipẹ́. Ọdún 1971 ni ìjọba dá Industrial Training Fund sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ITF. Lẹ́yìn àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní ọdún 2011, agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san 1% nínú owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà lọ́dọọdún, bí ó bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó lè gba tó ìdajì padà. Ní ọdún 1973 ni ITF bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, tí ó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Lagos State University of Science and Technology, tí ó jẹ́ Lagos State Polytechnic kí ó tó di yunifásítì ní ọdún 2022, mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ bi wọ́n léèrè iye ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń kàn kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n á ti ṣe oṣù mélòó kan yìí, àti iye nínú wọn tí ó jẹ́ pé fótókọ́pì ni wọ́n ń ṣe títí tí oṣù náà fi pé. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kò lè fi ìfẹ́ sí ọkàn ọ̀gá.

OHUN TÍ ÀWỌN AGBANISÍṢẸ́ Ń SỌ

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu wọn, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní: bí a bá kọ́ ọmọ tán, yóò lọ. Irọ́ kọ́. Ní ọdún 2022, àwọn ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà ké gbàjarè pé àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn ń ṣí lọ sí òkè òkun lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà ní ilé wọn níbí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó wà lára ohun tó fà á. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là 1 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti wọ nǹkan bí 1,500. Ẹni tó ń gba 1,000 dọ́là lóṣù kúrò ní 460,000 náírà, ó bọ́ sí mílíọ̀nù kan àbọ̀, láìjẹ́ pé ó fi iṣẹ́ kan kún iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré wo ní Ìkòròdú ni yóò bá irú ìyẹn dù ú?

Ẹ̀dùn ọkàn wọn yé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn kan gbà kò tọ́. Àwọn kan pa ilẹ̀kùn dé pátápátá mọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn ń gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ sọ́wọ́ bí ohun ìdógò, kí ó má baà lè lọ. Ẹni tí a fi ìwé rẹ̀ dè mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwọ̀fà.

Ọ̀nà tó tọ́ ti wà tipẹ́. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ànábì Músá nígbà tí ó sá dé Madyan, tí bàbá àgbàlagbà kan gbà á síṣẹ́ darandaran. Wọ́n dá ọdún 8 ní àdéhùn, wọ́n sì fi í sọ́wọ́ Ànábì Músá bí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di 10. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ti sọ iye ọdún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti sọ ohun tí yóò gbà, agbanisíṣẹ́ kò sì ní i lọ́kàn láti ni í lára. Agbanisíṣẹ́ tó bá ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò lọ, kí ó bá a dá ọdún 2, kí ó kọ́ ọ ní tòótọ́, kí ó sanwó rẹ̀ déédéé, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà nígbà tí ọdún bá pé. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, bí ó bá dé London pàápàá, yóò máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

ÌPÍN TIWA NÍBẸ̀

Kò ní dára kí a máa nàka sí agbanisíṣẹ́ nìkan. Àwa ọ̀dọ́ náà ní ìpín. Èkíní ni ẹni tó bá ọ̀gá dá ọdún 2, tí ó sì sá lọ ní oṣù 7 nítorí pé ẹlòmíràn fi díẹ̀ lé owó. Ọ̀gá yẹn kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ilẹ̀kùn tó sì tì kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Àbúrò wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Èkejì ni ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ pé òun ní ìrírí ọdún 3 nígbà tó jẹ́ oṣù 6 ni. A mọ àwáwí rẹ̀: gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é, wọ́n kò sì jẹ́ kí a wọlé bí a bá sọ òótọ́. Ìnira náà kì í ṣe kékeré, pàápàá fún ẹni tí òbí ń wo ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ irọ́ ni, kò ní orúkọ mìíràn. Ẹni tó gbà yín lórí irọ́ yóò gbé iṣẹ́ ọlọ́dún 3 lé yín lọ́wọ́, kò sì ní kọ́ yín ní ohunkóhun, nítorí ó rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Irọ́ náà yóò gba ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wá gan-an lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ti rí ọ̀nà. Ó ti ń gba dọ́là, ó ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tó dára, ó ti ní sólà lórí òrùlé. Nígbà tí ọmọ àdúgbò bá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, yóò ní kí ó lọ wò ó lórí YouTube. Òun náà wo YouTube lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó yá a ní kọ̀ǹpútà, ẹnì kan wà tó tọ́ka àṣìṣe rẹ̀ hàn án, ẹnì kan wà tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá. Kò sí ẹni tó dá kọ́ ara rẹ̀ tán. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, a kò gbàgbé yín. Iṣẹ́ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a lè ṣe láti ilé, tí kò ní kí èèyàn jí ní aago 4 láti lọ tò fún bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bímọ, tó sì fi ọdún 2 tọ́jú rẹ̀, bí ó bá padà dé, wọ́n á tún kà á mọ́ ẹni tí kò ní ìrírí. Ohun tó mọ̀ kò tíì parẹ́. Ó nílò ẹni tí yóò fi oṣù 2 tàbí 3 rán an létí ohun tó yí padà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ti san nínú gbèsè rẹ̀.

ṢÉ Ẹ̀RỌ KÒ TI GBA IṢẸ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ ti ń kọ irú ètò kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé ó ń dunni. Ìwádìí kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé Stanford University ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 fi hàn pé iye àwọn ọmọ ọdún 22 sí 25 tó ń ṣe iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ti fi nǹkan bí 20% dín sí bí ó ṣe wà ní ìparí ọdún 2022, nígbà tí ti àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Amẹ́ríkà bá rí bẹ́ẹ̀, àwa ńkọ́?

Ìdáhùn wa ni pé èyí mú kí gbèsè náà wúwo sí i. Ọgbọ́n tí àgbà fi ń mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ kọ kò tọ̀nà, inú iṣẹ́ kéékèèké ọjọ́ kìíní ni ó ti rí i. Bí a kò bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ kékeré mọ́, ọdún 10 sí àkókò yìí, ta ni yóò jẹ́ àgbà? Àgbẹ̀ tó bá jẹ èhù iṣu rẹ̀ tán kò ní í pe ọdún tó ń bọ̀ ní ọdún ìyàn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á.

KÍ NI ṢÍṢE?

Ìjọba ń ṣe díẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀ ajé orí ẹ̀rọ, lábẹ́ mínísítà Bosun Tijani, bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT láti kọ́ mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà. Ènìyàn 30,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àǹfààní rẹ̀ bá kàn, kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nìkan kì í di ìrírí. Ìwé ẹ̀rí 30,000 tí kò rí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọn yóò padà dúró sí.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa rèé. Iṣẹ́ wà ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò kéde. Onílé-ìwé aládàáni tó ń fi ọwọ́ ka máàkì ọmọ 300, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìwé owó rẹ̀ ti fàya, onílé ìtajà oògùn tí kò mọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, mọ́sálááṣí tí kò ní àkọsílẹ̀ owó zakat tí ó gbà àti ẹni tí ó pín in fún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ 2 ṣe ọ̀kan nínú wọn, kí àgbà kan máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún san owó díẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ìrírí tòótọ́ nìyẹn. Ẹni tó ní 3 irú rẹ̀ kò ní láti parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

A ń rọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé ìwé 2 sílẹ̀. Kí àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ díẹ̀, kọ orúkọ wọn sínú ọ̀kan, kí àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ kọ tiwọn sínú èkejì. Kí àgbà kan mú ọ̀kan tàbí 2, ó pẹ́ tán oṣù 6, kí wọ́n dá àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, arábìnrin sí arábìnrin, arákùnrin sí arákùnrin. Nígbà tí ó bá parí, kí a ṣe òmìnira fún un bí àwọn télọ̀ ti ń ṣe, kí ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níṣojú gbogbo wa pé òun náà yóò mú ẹnì kan.

Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ tí Ó fún wa kú sí wa lọ́wọ́. Àmín.